Púùlù Bàbá Mi àti Ọ̀wẹ̀ Ọkọ Mi

Mò ń jowú ọkọ mi. Kí ẹ tó máa ro nǹkan mìíràn, kò sí obìnrin kankan nínú ọ̀rọ̀ náà. Bàbá mi ni èmi àti ọkọ mi jọ ń dù, bàbá arúgbó ọmọ Àgbóyì tó kọ́lé sí Ìkòsí, tó sì gbẹ́ púùlù sí ẹ̀yìnkùlé nígbà tí owó ṣì ń wọlé fún un. Èmi ni àkọ́bí rẹ̀. Ọkọ mi kò ju àna lọ. Ẹ bá mi wo ẹni tó yẹ kó borí.

Iyanrìn ni bàbá mi ń tà. Wọ́n máa ń wà á nínú odò, wọn a fi ọkọ̀ ojú omi gbé e dé èbúté, òun a sì tà á fún àwọn tó ń kọ́lé káàkiri Kétu àti Gbàgádà. Nígbà tó máa kọ́ tirẹ̀, ó ní òun kò lè gbé ibi tí òun kò ti ní rí omi lúwẹ̀ẹ́, bẹ́ẹ̀ odò tí wọ́n ti tọ́ òun dàgbà ti kún fún epo àti ọ̀rá. Ló bá gbẹ́ púùlù. Ìyá mi ní ì bá dára kó fi owó náà kọ́ ṣọ́ọ̀bù méjì síwájú ilé. Títí di òní ló ṣì ń sọ ọ́.

Àwọn àbúrò mi méjèèjì, ọkùnrin ni wọ́n o, máa ń figbe ta bí omi bá ti kan orúnkún wọn. Èmi nìkan ni mo bá bàbá mi wọ̀ ọ́. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbé ikùn mi dúró lójú omi títí ara mi fi mọ̀ ọ́n, lẹ́yìn náà a jọ ń lúwẹ̀ẹ́ láràárọ̀ Sátidé. Bàbá mi lè ti òpin kan dé òpin kejì lábẹ́ omi láì gbé orí sókè. Bí mo bá rí òjìji rẹ̀ tó ń kọjá lábẹ́ mi, orí mi a wú. Lórí ilẹ̀, ẹni líle ni. Kò sí ohun tí mo ṣe tó dára tó lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú omi, kì í bá mi wí. Bí a bá jáde, a ó jókòó sí etí púùlù, a ó máa jẹ ẹ̀pà, a ó máa fi àwọn àbúrò mi ṣe yẹ̀yẹ́. Èmi àti òun nìkan ni.

Lẹ́yìn tí mo lọ ilé ọkọ ni púùlù náà bẹ̀rẹ̀ sí í bà jẹ́. N kò lè sọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀. Mo kàn rí i pé bí mo bá wá kí wọn, omi náà ti ṣú ju bí mo ṣe fi í sílẹ̀ lọ. Ó di àwọ̀ ewé, ó tún wá dúdú sí i. Ewédò bo gbogbo ojú rẹ̀, ó nípọn, ó ń yọ̀, ewé mángòrò àti ọ̀rá pure water sì jókòó lé e lórí. Àwọn ọ̀pọ̀lọ́ gba ibẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, ariwo wọn kì í jẹ́ kí ìyá mi gbọ́ ìròyìn lórí tẹlifíṣọ̀n.

Mo ní kí bàbá mi jẹ́ ká fọ̀ ọ́. "Ó rẹ̀ mí," ló wí. Mo ní èmi máa fọ̀ ọ́ fúnra mi, kí ó ṣáà jókòó sórí àga kó máa pàṣẹ. "Fi í sílẹ̀." Mo gbé búrọ́ọ̀ṣì onígi gígùn wá lọ́jọ́ kan, ó ní kí n gbé e padà síbi tí mo ti gbé e wá. Ọdọọdún ni mo ń bẹ̀ ẹ́ lórí púùlù yẹn, ọdọọdún ló ń kọ̀ fún mi, kò sì sọ ìdí rẹ̀ fún mi rí.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ti ọkọ mi. Apá Òkè-Ògùn ni wọ́n ti bí i, orí ilẹ̀ gbígbẹ, níbi tí omi tó pọ̀ jù tí ó mọ̀ ti jẹ́ omi kànga. Àga onítìmùtìmù ló ń ṣe ní Kétu. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́, ẹnu rẹ̀ dùn. Bí ó bá ti fojú kan bàbá mi báyìí, ó ti nà gbọọrọ sílẹ̀ nìyẹn, ìbáà jẹ́ inú ẹrẹ̀. Bàbá mi náà kò ní jẹ́ kó pẹ́ nílẹ̀. "Ẹ dìde, àna mi, ẹ dìde. Ẹ kú iṣẹ́ o." Ṣé ẹ gbọ́ bó ṣe ń sọ ọ́? Ẹ! Ọkùnrin tó ń pe alága àdúgbò ní "ìwọ", ẹ ló fi ń kí ẹni tó tó bí lọ́mọ. Èmi ń kọ́? "Ìwọ, gbé omi wá." Orí ẹja tí mo ti ń jẹ nínú ilé yẹn láti kékeré, ọkọ mi ni wọ́n ń bù ú fún báyìí, òun náà á sì jókòó, á máa fà á jẹ ní ojú mi.

Ọjọ́ Àìkú kan, a jẹun tán, a jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìn. Ọkọ mi wo púùlù títí, ó wá dìde lórí àga, ó dọ̀bálẹ̀.

"Daddy, ẹ má bínú o. Níbi tiwa, àna gbọ́dọ̀ ṣe ọ̀wẹ̀ fún bàbá ìyàwó ẹ̀. Á kó àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ lẹ́yìn, wọ́n á lọ bá wọn ro oko, tàbí kí wọ́n bá wọn kan òrùlé. Látìgbà tí ẹ ti fún mi níyàwó, mi ò tíì ṣe tiyín. Ẹ ò sì ní oko. Ẹ jẹ́ kí èmi àtàwọn boys mi wá bá yín clean púùlù yìí."

Mo rẹ́rìn-ín nínú ara mi. Mo mọ èsì tó ń bọ̀. Mo kàn ń dúró kí bàbá mi sọ pé ó rẹ òun, kí inú mi lè dùn.

Bàbá mi dìde dúró, ó na ọwọ́ méjèèjì. "Àna mi! Ẹ kú làákàyè! Ẹ̀yin lẹ rántí mi. Sátidé tó ń bọ̀, ẹ máa bọ̀!"

Àwo oúnjẹ wà lọ́wọ́ mi. Mo kó o wọ kíṣìnì, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọ̀ ọ́ pẹ̀lú ariwo débi pé ìyá mi sáré wọlé.

"Rọra o, àwo mi ni. Kí ló dé?"

"Mummy, ẹ ò gbọ́ ni? Ẹ̀yin lẹ rántí mi! Látọjọ́ wo ni mo ti ń bẹ̀ wọ́n?"

Ìyá mi wo ojú mi, ó di ẹnu mú, ẹ̀rín sì bọ́ lẹ́nu rẹ̀. "Ọkọ ẹ lò ń jowú ẹ̀? Ọkọ ìwọ fúnra ẹ?"

"Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín, Mummy."

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Mo fi àwo sílẹ̀ fún un.

Ní ilé wa ní Alápẹ̀rẹ̀, mo bi ọkọ mi pé kí ló dé tí kò kọ́kọ́ bi mí. Bí inú tilẹ̀ ń bí mi, "ẹ" ni mo máa ń fi bá a sọ̀rọ̀. "Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi kí ẹ tó lọ dọ̀bálẹ̀ síbẹ̀?"

"Ṣé púùlù ẹ ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni!"

Ó yà á lẹ́nu. Ó ní Daddy ni òun rò pé ó ni ín. Kí ni mo fẹ́ sọ sí ìyẹn? Mo kọjú sí ògiri, mo sùn.

Kí ẹ tó gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Sátidé, ẹ jẹ́ kí n sọ nǹkan kan fún yín nípa ilẹ̀ ibẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń gbẹ́ púùlù yẹn, mo dúró ti bàbá mi. Àwọn tó ń gbẹ́ ẹ kò tíì wọlẹ̀ dé ìbàdí tí omi ti ń sun. Bàbá mi wá ṣàlàyé fún mi pé abẹ́ ilẹ̀ Ìkòsí, omi ni, pàápàá nígbà òjò. Omi tó wà nínú púùlù ló ń tẹ ilẹ̀ púùlù mọ́lẹ̀. Bí ènìyàn bá fa omi yẹn tán lásìkò òjò, omi abẹ́ á ti ilẹ̀ púùlù sókè. Nítorí náà ìdajì ni a máa ń fà. A ó fọ apá òkè, a ó da omi sí i, a ó sì fi ìyókù sílẹ̀ di ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Èmi mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bàbá mi mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹnì kẹta kò mọ̀ ọ́n, òjò sì ti rọ̀ ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn.

Àwọn ọ̀rẹ́ ọkọ mi dé ní kùtùkùtù, ọkùnrin bíi mẹ́jọ, ará ìlú rẹ̀ ni gbogbo wọn. Wọ́n gbé ṣọ́bìrì, garawa, ìgbálẹ̀ àti ẹ̀rọ tó ń fa omi tí wọ́n yá wá. Wọ́n dọ̀bálẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ fún bàbá mi, inú rẹ̀ sì dùn bí ẹni tí wọ́n fi jẹ oyè. Ní ìlú tiwọn, bí kànga bá dọ̀tí, ńṣe ni wọ́n máa ń fa omi rẹ̀ gbẹ, kí wọ́n tó wọ inú rẹ̀ lọ kó ẹrẹ̀. Ọkọ mi tẹrí ba, ó bi bàbá mi pé, "Daddy, ṣé ká fà á tán ni?"

Ìbéèrè lásán ni, gẹ́gẹ́ bó ṣe sọ fún mi lẹ́yìn náà. Ṣùgbọ́n bàbá mi rò pé ohun tí àna òun fẹ́ nìyẹn, kò sì fẹ́ já a kulẹ̀ lójú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó ní, "Bí ẹ bá ṣe fẹ́ ẹ, àna mi." Ọkọ mi gbọ́ ìyẹn bí àṣẹ. Ó ní, "Ó ti yé mi, sà." Wọ́n tan ẹ̀rọ.

Mo sáré bá ọkọ mi. "Wọn kì í fa púùlù yìí tán nígbà òjò o."

"Daddy ló ní ká fà á tán. Ṣé kí n máa jiyàn pẹ̀lú wọn ni?"

Mo sáré bá bàbá mi lórí àga rẹ̀. "Daddy, ẹ sọ fún wọn kí wọ́n dúró ní ìdajì."

"Àna mi ló fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Kí n wá máa kọ́ àna níṣẹ́ níwájú àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀? Ìwọ náà, o ò lójútì." Ó yí ojú rẹ̀ padà, ó sì tún ẹ̀rín rẹ̀ gbé wọ̀. "Ẹ kú iṣẹ́ o, àna mi!"

"Ẹ ṣé, sà!"

Bí ẹ bá wà níbẹ̀, ẹ ó rí àwọn méjì tí wọ́n ń bẹ̀rù láti ṣẹ ara wọn, wọ́n sì jọ gbà láti ṣẹ̀ mí. Mo lọ bá ìyá mi níbi tó ti ń se ìrẹsì fún àwọn ọlọ́wẹ̀, mo jókòó, mo ní mi ò tún ní sọ nǹkan kan mọ́.

Omi dúdú náà ń gba inú páìpù lọ sí gọ́tà. Ògiri púùlù ń yọ díẹ̀díẹ̀. Ewédò tó ti lẹ̀ mọ́ ọn ń ya bọ́ ní àjákù-àjákù bí aṣọ tó ti gbó. Nísàlẹ̀, wọ́n rí bàtà, bọ́ọ̀lù, ìkòkò kan tí ìyá mi ti ń wá láti ìgbà pípẹ́, àti ẹrẹ̀ tó ń rùn tó bẹ́ẹ̀ tí aládùúgbò kan fi ti fèrèsé rẹ̀ pa. Wọ́n ń kọrin ìlú wọn, wọ́n ń kó ẹrẹ̀ sí garawa, wọ́n ń gbé e jáde. Bí mo ti ń bínú tó, n kò lè purọ́: wọ́n mọ iṣẹ́ ṣe. Táìlì aláwọ̀ sánmọ̀ tí bàbá mi fi tẹ́ ilẹ̀ púùlù yọ jáde lábẹ́ ìdọ̀tí. Mi ò fẹ́ kó jẹ́ pé ọwọ́ wọn ni n ó ti kọ́kọ́ tún rí i.

Ọ̀kan nínú wọn ló kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Ó ní nǹkan kan dún lábẹ́ ẹsẹ̀ òun. Wọ́n fi í rẹ́rìn-ín. Ó tún dún, ó le ju ti àkọ́kọ́ lọ, táìlì méjì sì fò sókè. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í sun láti àárín wọn, omi tó mọ́, tó tutù, tó ń bọ̀ láti abẹ́ ilẹ̀. Bí a ti ń wò ó ni ilẹ̀ púùlù ń wú níbi kọ̀rọ̀.

Bàbá mi gbàgbé ọ̀wọ̀ àna. "Ẹ jáde! Ẹ jáde kúrò níbẹ̀, ẹ̀yin ọmọ yìí! Ẹ da omi sí i! Omi!"

A tan jẹnẹrétọ̀, a ṣí ẹ̀rọ kànga, ṣùgbọ́n omi rẹ̀ kéré sí iṣẹ́ náà. Àwọn ọkùnrin mẹ́jọ tí wọ́n ti fi gbogbo àárọ̀ gbé omi jáde wá tò láti ilé dé ilé, wọ́n ń gba omi kànga àwọn aládùúgbò, wọ́n ń fi garawa da á padà sínú púùlù. Èmi náà gbé garawa. Ìyá mi pa iná ìrẹsì, ó gbé tirẹ̀. Nígbà tí omi ga dé orúnkún, ilẹ̀ púùlù dákẹ́, kò wú mọ́. Kọ̀rọ̀ kan péré ló sán. Gbogbo wa jókòó sílẹ̀, a ń mí hẹlẹhẹlẹ.

Ọkọ mi dọ̀bálẹ̀. "Daddy, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

"Rárá o, àna mi. Kò sí ohun tó ṣe. Ẹ dìde." Bàbá mi nu ojú rẹ̀, ó wá yíjú sí mi. "Ìwọ! Ìwọ tó o mọ̀, kí ló dé tí o ò pariwo?"

Ẹ̀jẹ̀ mi ru. Mo ní mo sọ fún un, mo ní mo sọ fún àwọn méjèèjì, mo ní kí ọ̀kan lọ máa gbé ẹ̀gbẹ́ èkejì kí wọ́n fi mí sílẹ̀. Ohun tí mo sọ lẹ́yìn ìyẹn kò ṣeé kọ síbí. Nígbà tí mo dákẹ́, bàbá mi gbọn orí, ó fi ọwọ́ lé èjìká ọkọ mi.

"Ẹ má bínú, àna mi. Bí wọ́n ṣe bí i nìyẹn."

"Ó ti mọ́ mi lára, sà," ni ọkọ mi wí.

Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n wá dọ̀rẹ́ pátápátá. Ọkọ mi a pa ṣọ́ọ̀bù, a gba Ìkòsí lọ. Wọ́n fi sìmẹ́ńtì di ibi tó sán. Wọ́n da kiloríìnì tó ń pa kòkòrò sí omi, omi náà pọ́n bí tíì, nítorí ìpẹtà tó wà nínú omi kànga wa. Bàbá mi ní kí wọ́n má bẹ̀rù, ó ní kí wọ́n fi álọ́ọ̀mù sí i kí ìdọ̀tí lè sọ̀kalẹ̀. Ọkọ mi a wálé, a máa ro gbogbo rẹ̀ fún mi lórí oúnjẹ. "Daddy sọ pé." "Daddy rẹ́rìn-ín títí lónìí." Bàbá mi tí ó rẹ̀ nígbà tí mo bẹ̀ ẹ́! Mo ń bu ọbẹ̀ fún ọkùnrin náà, mo sì ń ṣírò bí mo ṣe lè yọ ẹran rẹ̀ kúrò.

Ọjọ́ Àìkú tí omi náà mọ́ tán, mo ti ṣọ́ọ̀ṣì lọ sí Ìkòsí, mo sì bá wọn nínú púùlù. Bàbá mi wà níbi tí omi ti mọ sí ìdodo rẹ̀, ó wọ ṣòkòtò péńpé. Ọkọ mi dojú bolẹ̀ lójú omi, ó ń fi ẹsẹ̀ jà bí ẹja tí wọ́n gbé sórí ilẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ bàbá mi sì wà lábẹ́ ikùn rẹ̀.

N kò mọ bí mo ṣe máa ṣàlàyé rẹ̀. Obìnrin tó bá ká ọkọ rẹ̀ mọ́ ilé ẹlòmíràn lè mọ díẹ̀ nínú rẹ̀. Ọwọ́ yẹn, tèmi ni. Mo wọ yàrá, mo gbé aṣọ àtijọ́ kan wọ̀, mo gba ẹ̀gbẹ́ ìyá mi kọjá láì dáhùn ohun tó ń bi mí, mo sì bẹ́ sínú omi níbi tó ti jìn.

Mo wẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wọn. "Daddy, ẹ jẹ́ ká dé òpin ọ̀hún."

"Máa lọ. Mò ń wò ẹ́."

"Ká jọ lọ ni mo wí."

"Ṣé o ò rí i pé mò ń kọ́ àna mi?"

"Àna yín, àna yín! Ṣé ojú ọ̀nà lẹ ti rí mi he ni? Nígbà tí mo bẹ̀ yín, ó rẹ̀ yín. Nígbà tí àna bẹ̀ yín, ẹ fò dìde. Kí ni mo ṣe fún yín, Daddy?"

Ọkọ mi, tí kì í ṣe òmùgọ̀, rọra fà sẹ́yìn, ó lọ di irin àtẹ̀gùn mú, ó ń dá fi ẹsẹ̀ gbá omi. Bàbá mi sún mọ́ mi díẹ̀, omi sì ga dé àyà rẹ̀. Ìgbà náà ni mo ṣàkíyèsí pé ọwọ́ òsì rẹ̀ kò kúrò létí púùlù láti ìgbà tí mo ti dé.

"Ọjọ́ tí mo wọ omi yìí kẹ́yìn," ó wí, ohùn rẹ̀ kò ju kí èmi nìkan gbọ́ lọ, "èmi nìkan ni. Mo dé àárín, apá mi ò ṣiṣẹ́ mọ́. Mo mu omi. Orí ló yọ mí. Ìyá ẹ ò mọ̀."

"Ẹ ò wá lè sọ fún mi?"

"Ìwọ lo mọ bí mo ṣe ń wẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àna mi ò mọ̀. Tí mo bá dúró síbi tí ẹsẹ̀ mi ti tólẹ̀, lójú tiẹ̀, ọ̀gá omi ni mí. Ṣé ìwọ lè fi irú ojú yẹn wò mí?"

Mo ní mo lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ó wo ojú mi, ó sì rí i pé irọ́ ni.

"Daddy!" Ọkọ mi ló ń kígbe. Ó ti fi irin sílẹ̀. Ó lọ bí ìwọ̀n apá méjì kó tó rì, ó dìde, ó ń húkọ́, ó ń rẹ́rìn-ín. "Daddy, ṣé ẹ rí mi?"

Ojú bàbá mi tàn. "Mo rí yín, àna mi! Ẹ káre!" Ó yí padà, ó ń rọra rìn nínú omi lọ bá a, ọwọ́ rẹ̀ ń tẹ̀ lé etí púùlù.

Mo padà síbi tí omi ti bo orí àwọn méjèèjì, mo ń gbá ẹsẹ̀ kí n má bàa rì. Owú náà kò tíì lọ. Mo fẹ́ pè é padà, mo sì la ẹnu, ṣùgbọ́n n kò pè é.